Máìlì Ọkọ̀ Òfuurufú Tàbí Owó Ọwọ́: Ohun Tí Àáró Lè Kọ́ Ọmọ Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù Tí Ó Wà Lókè Òkun

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Bí oko ti wù kí ó dùn tó, bí iṣu inú rẹ̀ ti wù kí ó ta tó, ẹni tí ó lọ sí oko yóò padà wá sí ilé. Ní ìlú mẹ́ta tí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn ní ojú ọ̀nà tí ó ti Òṣogbo lọ sí Ọ̀fà, ìyẹn Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, òwe yìí ti di ìṣe àwọn ènìyàn. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ọmọ ìlú wọ̀nyí ti ń lọ sí oko tí ó jìnnà. Ojú irin tí ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń tẹ̀ bọ̀ láti Èkó dé Òṣogbo ní ọdún 1907, ó sì dé Ìlọrin ní ọdún 1908. Ìkìrun àti Òkukù wà lára àwọn ibi tí ọkọ̀ ojú irin ń dúró sí láàárín Òṣogbo àti Ìlọrin. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó bá a lọ láti wá iṣẹ́ àti òwò. Lónìí, oko ọmọ àwọn ọmọ wọn ti di London, Houston àti Toronto, ọkọ̀ òfuurufú ni ó sì ń gbé wọn bọ̀ wá sílé.

Níbi tí ọkọ̀ òfuurufú bá ti wọ ọ̀rọ̀, ìbéèrè kan a máa yọjú tí àwọn baba ńlá wọn tí ń wọ ọkọ̀ ojú irin kò ní láti dáhùn. Ṣé kí ẹni tí ó fẹ́ wálé san owó ìwọkọ̀ rẹ̀ ní owó ọwọ́ ni, tàbí kí ó ná máìlì tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ti kọ sílẹ̀ fún un? Lójú ẹni tí kò rìn jìnnà, ìbéèrè yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn olówó. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Nọ́ọ̀sì tí ń ṣe iṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn, awakọ̀, àti olùkọ́ tí ó kó lọ sí ìlú òyìnbó náà ní máìlì lọ́wọ́. Lórí máìlì yẹn ni ó máa ń dúró lé nígbà mìíràn bóyá wọn yóò fojú kan òbí wọn lọ́dún yìí tàbí wọn kò ní fojú kàn án.

Èrò tí àròkọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé máìlì kò dọ́gba pẹ̀lú owó. Ó sún mọ́ àáró tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ń dá, ṣùgbọ́n àáró tí ẹnì kan ṣoṣo ń ṣe òfin rẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí àwọn méjèèjì ti jọra àti ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni yóò mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun ná an.

Ohun Tí Máìlì Jẹ́

Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a fi ń pe máìlì ni ibùsọ̀. Ibùsọ̀ ni ibi tí àwọn aláàárù ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ kí wọ́n tó tún gbé e tẹ̀síwájú. Nígbà tí ó yá, ọ̀rọ̀ náà di ìwọ̀n ọ̀nà, ó sì tún di orúkọ ibi tí ọkọ̀ ojú irin ń dúró sí. Nínú orúkọ yìí, ọ̀nà àti ìsinmi so pọ̀ mọ́ra. Máìlì tí àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ń kọ sílẹ̀ fún oníbàárà bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ọ̀nà lóòótọ́. Ní ọdún 1981 ni ilé-iṣẹ́ American Airlines gbé ètò kan kalẹ̀ tí ó fi ń ka iye máìlì tí oníbàárà bá rìn, tí yóò sì fún un ní ìrìn-àjò lọ́fẹ̀ẹ́ bí ó bá pé iye kan. Ilé-iṣẹ́ United ṣe irú rẹ̀ ní ọdún kan náà, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé wọn.

Nígbà tí ó pẹ́, orúkọ náà kò bá ohun tí ó ń jẹ́ mu mọ́. Àwọn ilé-ìfowópamọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ra máìlì lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n ń fi ṣe ọrẹ fún ẹni tí ó bá ń fi káàdì wọn ra ọjà. Ẹni tí kò kúrò ní àdúgbò rẹ̀ lè tipa bẹ́ẹ̀ kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún máìlì jọ nídìí oúnjẹ àti epo ọkọ̀. Ní ọdún 2015, ilé-iṣẹ́ Delta tí ń fò láti Atlanta wá sí Èkó yí ètò rẹ̀ padà, ó di pé iye owó tí ènìyàn san ni wọ́n ń wò, wọn kò wo jíjìnnà ọ̀nà mọ́. British Airways ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2023. Orúkọ ọ̀nà ni ó kù lára máìlì, ìṣirò owó ni ó wà nínú rẹ̀.

Àáró àti Máìlì

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ àṣà Yorùbá tí kò mọ àáró. Bí àgbẹ̀ márùn-ún bá pawọ́ pọ̀ dá àáró, wọn yóò lọ sí oko ẹnì kan lónìí, wọn yóò lọ sí oko ẹlòmíràn lọ́jọ́ mìíràn, títí yóò fi kárí. Àgbẹ̀ tí ó ti bá àwọn mẹ́rin yòókù ṣiṣẹ́, tí wọn kò tíì wá sí oko tirẹ̀, ní ọjọ́ iṣẹ́ nílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó ní yìí kì í ṣe owó. Kò lè gbé e lọ sí ọjà Ìkìrun láti fi ra iyọ̀, kò sì lè fi san owó ilé ìwé ọmọ. Ìwúlò rẹ̀ kò ju orí oko lọ.

Bí ojò bá rọ̀, tí ebè kíkọ dé, irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìpinnu kan láti ṣe. Ṣé kí ó pe àáró rẹ̀ ni, tàbí kí ó fi owó gba alágbàṣe? Àgbẹ̀ tí ó mòye kì í pe àáró nítorí èpò díẹ̀ tí òun àti ọmọ rẹ̀ lè ro láàárọ̀ kan. A máa dúró de ìgbà tí iṣẹ́ pọ̀, tí gbogbo ènìyàn ń wá alágbàṣe, tí owó wọn sì ti gbéra. Ọjọ́ iṣẹ́ kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ níye lórí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè gba gbogbo ohun ọ̀gbìn ọdún kan là nígbà òjò. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kan náà kò ní jẹ́ kí ọjọ́ náà pẹ́ jù nílẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹlẹgbẹ́ òun lè ṣàìsàn, ó lè ṣí lọ, ó sì lè kú.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni máìlì rí. Ìwúlò rẹ̀ wà lórí ìrìn-àjò, ó sì máa ń níye lórí jù lọ nígbà tí owó ọwọ́ bá wọ́n. Ẹni tí ó bá ná an nígbà tí tíkẹ́ẹ̀tì pọ̀ pè àáró nítorí èpò díẹ̀.

Bí A Ṣe Ń Ṣírò Rẹ̀

Ìṣirò kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama lè ṣe, ó sì yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ ná máìlì ṣe é lákọ̀ọ́kọ́. Ìdí ni pé tíkẹ́ẹ̀tì máìlì kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Owó orí ìjọba àti owó àfikún tí ilé-iṣẹ́ fi lé e wà níbẹ̀, owó ọwọ́ ni a ó sì fi san wọ́n. Bí àpẹẹrẹ, ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ òfuurufú ní London bọ̀ wá sí Èkó ní láti san owó orí ìrìn-àjò fún ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti oṣù Igbe ọdún 2025 títí di oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2026, £90 ni fún ìjókòó tí owó rẹ̀ kéré jù. Máìlì kò yọ ènìyàn nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í gbà á lórí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 tí ó bá jókòó sí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú nọ́ọ̀sì kan ní àpẹẹrẹ, ọmọ Ìnísà tí ń gbé ní London, tí ìyá rẹ̀ wà nílé. Kí a ní tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ jẹ́ £850 ní owó ọwọ́. Bí ó bá fẹ́ ná máìlì, wọn yóò gba máìlì 40,000 pẹ̀lú £300. Ohun tí máìlì náà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni £850 dín £300, ìyẹn £550. Ṣùgbọ́n bí ó bá san owó ọwọ́, ilé-iṣẹ́ yóò tún kọ máìlì tuntun sílẹ̀ fún un, kí a ní 4,000. Nítorí náà, ohun tí ó ná ní tòótọ́ jẹ́ 44,000. Bí a bá pín £550 sí ọ̀nà 44,000, máìlì kan yóò jẹ́ pẹ́nì 1.25.

Kí a wá gbé e lọ sí oṣù Ọ̀pẹ, nígbà tí gbogbo ọmọ Yorùbá tí ó wà lókè òkun fẹ́ wálé ṣọdún. Tíkẹ́ẹ̀tì kan náà lè di £1,500. Bí ó bá ṣì rí ìjókòó máìlì ní iye ti tẹ́lẹ̀, máìlì náà gbà á lọ́wọ́ £1,200. Bí máìlì tuntun tí ó pàdánù bá jẹ́ 8,000, a ó pín £1,200 sí ọ̀nà 48,000, máìlì kan yóò sì jẹ́ pẹ́nì 2.5. Máìlì kan náà ni, ọ̀nà kan náà ni, ìyá kan náà ni yóò lọ wò, síbẹ̀ ó níye lórí ní ìlọ́po méjì.

Ọ̀rọ̀ tí ó ṣe kókó nínú àpẹẹrẹ kejì ni "bí ó bá ṣì rí ìjókòó". Irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀ nígbà ọdún. British Airways máa ń ṣí tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ 355 ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò, àwọn tí ó mọ̀ a sì ti gbà á. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi máìlì wálé ní oṣù Ọ̀pẹ gbọ́dọ̀ ti mú ọjọ́ rẹ̀ láti ìparí oṣù Ọ̀pẹ tàbí oṣù Ṣẹ́rẹ́ tí ó ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni í tẹ ilẹ̀ tútù.

Ọ̀nà tí ó kù sí ilé náà tún wà níbẹ̀. Máìlì parí iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìkẹjà. Láti Ìkẹjà gba Ìbàdàn àti Òṣogbo dé Ìkìrun, owó náírà ni awakọ̀ ń gbà. Ẹni tí ó bá ná gbogbo owó rẹ̀ tán nítorí pé máìlì yóò gbé òun, tí kò ní owó ọkọ̀, owó oògùn òbí àti owó tí yóò fi kí ará ilé, kò tíì rí ọ̀nà ilé.

Ẹni Tí Ó Ni Òfin

Ibi tí máìlì ti yàtọ̀ sí àáró nìyí, ibẹ̀ sì ni ewu wà. Nínú àáró, ọjọ́ iṣẹ́ kan jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ kan. Kò sí ẹlẹgbẹ́ tí yóò dìde lójijì pé ọjọ́ mẹ́rin tí òun jẹ ti di ọjọ́ méjì. Bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ yóò pè é jókòó, ojú yóò sì tì í. Nínú èsúsú náà, bí ó ti wù kí ọwọ́ ẹni pẹ́ kí ó tó kàn án, iye tí wọ́n dá ni yóò gbà. Máìlì kò ní ẹgbẹ́ tí yóò pe ẹnikẹ́ni jókòó. Ilé-iṣẹ́ ni ó ń kọ òfin, òun náà ni ó ń tún un kọ.

Delta yọ ìwé tí ń fi iye máìlì ìrìn-àjò kọ̀ọ̀kan hàn kúrò ní gbangba ní ọdún 2015. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2024, Virgin Atlantic tí ń fò láti London wá sí Èkó sọ iye máìlì tí ó ń gbà di ohun tí ń lọ sókè sódò bí owó tíkẹ́ẹ̀tì. Lábẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀, bí owó bá gbéra ní oṣù Ọ̀pẹ, máìlì náà yóò gbéra, èrè tí a ṣírò lókè yìí yóò sì dín kù gan-an. Àwọn ètò mìíràn a máa pa máìlì rẹ́ bí oníbàárà kò bá lò ó tàbí fi kún un fún ìgbà kan. Ti British Airways jẹ́ oṣù 36. Máìlì kì í so èso bí owó tí ó wà ní ilé-ìfowópamọ́.

Owó náà kò ṣàìní àìsàn tirẹ̀. Kí oṣù Òkúdù ọdún 2023 tó dé, iye tí ìjọba ń ṣẹ́ dọ́là kan kò ju nǹkan bí ₦460 lọ. Nígbà tí ọdún 2024 fi parí, ó ti lé ní ₦1,500. Ní àwọn ọdún náà, owó àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ilẹ̀ òkèèrè há sí Nàìjíríà. Ní oṣù Òkúdù ọdún 2023, àjọ IATA kéde pé ó ti lé ní mílíọ̀nù 800 dọ́là. Emirates ti dá fífò wá sí Nàìjíríà dúró ní ọdún 2022 nítorí ọ̀rọ̀ yìí, kò sì padà títí di oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2024. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, olùkọ́ tí ń gba owó oṣù rẹ̀ ní náírà ní Òkukù kò lè ronú tíkẹ́ẹ̀tì òkè òkun rárá. Ọmọ rẹ̀ tí ó ní máìlì lókè òkun lè gba ìjókòó lórúkọ òbí rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ètò fàyè gba èyí. Èyí fi hàn pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n rírà tàbí títa máìlì lọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ̀ lòdì sí òfin àwọn ilé-iṣẹ́ náà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sì lè fagi lé.

Ẹ̀kọ́ Láti Gold Coast

Kì í ṣe òní ni àwọn ọmọ àgbègbè yìí bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun ìní wọn sí abẹ́ òfin ẹlòmíràn. Kí ilẹ̀ Gold Coast tó di Ghana ní ọdún 1957 ni àwọn Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnísà àti àwọn ìlú mìíràn ti ń ṣòwò níbẹ̀. Iṣẹ́ ajé wọn gbòòrò. Wọ́n ń ta ọjà láwìn, wọ́n ń kó ère sínú ọjà mìíràn, àwọn kan sì kọ́ ilé sí ìlú tí wọ́n ti ń ṣòwò.

Ní ọjọ́ 18, oṣù Bélú, ọdún 1969, ìjọba Ọ̀mọ̀wé K. A. Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Láàárín ọjọ́ péréte yẹn, gbèsè tí wọ́n jẹ oníṣòwò kò ṣe é gbà, ọjà inú ìsọ̀ kò rí ẹni rà á ní iye tí ó yẹ. Ẹni tí ó ti ń wálé tẹ́lẹ̀, tí ó ti fi díẹ̀ nínú èrè rẹ̀ kọ́ ilé, tí ó sì ti fi díẹ̀ tọ́jú àwọn òbí, rí ibi forí pamọ́ sí. Ẹni tí ó ní òun yóò kó gbogbo rẹ̀ jọ kí òun tó wálé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ọba wálé pẹ̀lú ohun tí ó lè gbé dání.

Máìlì kò tó ìdá kan nínú ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn pàdánù. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ kan náà ni. Ohun tí ó wà lábẹ́ òfin ẹlòmíràn, ìgbà tí a bá lò ó ni ó di tiwa.

Ọjọ́ Ìsìnkú àti Ọjọ́ Ìrírajú

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó wà lókè òkun ní ìdí kan pàtó tí wọ́n fi ń tọ́jú máìlì. Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ ńlá. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà wò, ọjọ́ ńlá yìí sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ tí wọn yóò sin òbí. Yorùbá ka ìsìnkú òbí sí pàtàkì, ojú a sì máa ti ọmọ tí kò bá sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bi ara wa bóyá ìpamọ́ yìí bá ète rẹ̀ mu.

Mùsùlùmí pọ̀ ní Ìkìrun àti ní Ìnísà. Òkú Mùsùlùmí kì í sùn nílẹ̀ bí ààyè bá wà láti sin ín. Bí ìyá bá jáde láyé ní òwúrọ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Ọmọ tí ó wà ní London lè gbọ́ ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀, kí ó rí ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, kí ó dé Ìkẹjà lóru, síbẹ̀ sàréè ni yóò bá. Àdúrà fídáù ọjọ́ kẹjọ ni yóò lè bá wọn ṣe. Máìlì 100,000 kò lè yí èyí padà. Ní ti àwọn Kírísítẹ́nì, wọ́n lè gbé òkú sí ilé ìgbókùúsí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí àwọn ọmọ lè pé. Ọmọ yóò bá ìsìnkú, òbí kò sì ní mọ̀ pé ó dé.

Kí ni ọmọ yẹ kí ó ṣe? Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òbí tí ó ti di arúgbó nílò ọmọ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń ríran, tí etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́ràn, tí ó ṣì lè bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣeré ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nítorí náà, ìgbà ayé òbí ni ìgbà òjò tí àgbẹ̀ ń pe àáró rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ọmọ Ìnísà tí a fi ṣe àpẹẹrẹ lè ní máìlì tí ó tó ìrìn-àjò méjì. Bí ó bá ń kó o pa mọ́ de ìsìnkú, ó ń fi àáró rẹ̀ sílẹ̀ de ìgbà tí ìkórè ti kọjá.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí ènìyàn ná máìlì ní ìnákúnàá. Bí owó tíkẹ́ẹ̀tì bá wálẹ̀, tí ọwọ́ sì dilẹ̀, kí ó san owó ọwọ́, nítorí máìlì tuntun yóò tún wọlé fún un. Bí owó bá gbéra, tí ìjókòó máìlì sì wà, kí ó ná máìlì. Bí kò bá sí owó rárá, tí òbí sì ń ṣàárẹ̀, kí ó má wo ìṣirò pẹ́nì 1.25 tàbí 2.5. Kí ó ná ohun tí ó wà, kí ó máa bọ̀. Ọ̀pọ̀ ètò a máa dá máìlì padà fún ẹni tí ó bá fagi lé ìrìn-àjò rẹ̀ ṣáájú ọjọ́, bí ó bá san owó díẹ̀, nígbà tí tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń run bẹ́ẹ̀. Fún ọmọ tí kò mọ ọjọ́ tí ilé yóò pe òun, àǹfààní èyí kò kéré.

Àgbálọgbábọ̀

Àròkọ yìí ti fi hàn pé máìlì ọkọ̀ òfuurufú jọ àáró ní ti pé ìwúlò rẹ̀ wà lórí ohun kan ṣoṣo, tí ó sì máa ń níye lórí nígbà tí owó bá wọ́n. Ó yàtọ̀ sí àáró ní ti pé kò sí ẹgbẹ́ tí ń dáàbò bò ó. Nítorí èyí, kò yẹ kí a tọ́jú rẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú ilẹ̀ tàbí wúrà. Kí a lo ìṣirò láti mọ ìgbà tí owó ọwọ́ sàn jù, kí a má sì jẹ́ kí ìṣirò náà gba ibi ìdí tí a fi ń rìn.

Àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá lè rí ohun mú lò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó rò pé àáró àti èsúsú jẹ́ ohun àtijọ́ tí a ń há sórí nítorí ìdánwò. Bí olùkọ́ bá ní kí wọ́n gbé àáró sí ẹ̀gbẹ́ máìlì, kí wọ́n ṣe ìṣirò rẹ̀ ní Yorùbá, kí wọ́n sì jiyàn lórí èyí tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé jù, wọn yóò rí i pé àwọn baba wọn ti ronú jinlẹ̀ lórí ohun ìpamọ́, gbèsè àti ìgbẹ́kẹ̀lé. Wọn yóò sì rí i pé àwọn baba wọ̀nyẹn mọ ohun kan tí àwọn tí ó dá máìlì sílẹ̀ kò kọ sínú òfin wọn: ẹni tí ó bá jẹ àáró gbọ́dọ̀ lè wo ojú ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní.